Ìsọdodidi Àkókò Aago: Àlàyé lórí Àkójọ Ìlànà Kékeré kan fún Kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Ìkirè àti Apòmù

Ìfáárà

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni irú àkójọ ìlànà kékeré kan tí àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà máa ń ní lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó gba àkókò aago bí ó ti rí gan-an, kí ó sì dá a padà ní odidi. Bí wọ́n bá fún un ní aago 7:52, ó lè dá 7:45 padà, ó lè dá 7:50 padà, ó sì lè dá 8:00 padà. Ohun tí ẹni tí ń lò ó bá béèrè ni yóò sọ èyí tí yóò jẹ́. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kì í gùn. Ìlànà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ojú ìwé kan sì lè gba gbogbo rẹ̀. Nítorí kíkéré yìí ni ọ̀pọ̀ ṣe rò pé kò sí ohun tí ó yẹ kí ènìyàn jókòó rò nínú rẹ̀, pé ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lásán ni.

Èrò yìí kò tọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti ń lo irú àkójọ bẹ́ẹ̀ jù ni ibi tí wọ́n ti ń ṣírò owó ọ̀yà òṣìṣẹ́, tí wọ́n ti ń tẹ ìwé àkókò ìrun àti ti ààwẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń kọ àkókò tí ọkọ̀ gbéra tàbí tí ó gúnlẹ̀. Ìṣẹ́jú méje tí ètò kan bá gé kúrò lára àkókò kò parẹ́: ẹnìkan ni ó jẹ ẹ́, ẹlòmíràn ni ó sì pàdánù rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí gbogbo àkókò tí wọ́n ti sọ dodidi ní ni àmì tí yóò máa jẹ́wọ́ pé wọ́n ti sọ òun dodidi. Èdè Yorùbá ní irú àmì bẹ́ẹ̀, ó sì ń lò ó lójoojúmọ́. Àkójọ kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ dá lé yìí kò sábà ní in.

Ìlú méjì tí wọ́n múlé ti ara wọn ni àpẹẹrẹ púpọ̀ nínú àlàyé yìí ti wá. Ìkirè ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irewọlé, Apòmù sì ni ti Ìṣọ̀kan, méjèèjì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kọjá yóò mọ Ìkirè, bí kò tilẹ̀ ju ti dòdò rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà àti ìtumọ̀ rẹ̀

Bí àwọn onígírámà ti ṣẹ̀dá ìsọdorúkọ láti ara "sọ di orúkọ", bẹ́ẹ̀ ni ìsọdodidi ṣe wá láti ara "sọ di odidi". Odidi tí ọ̀rọ̀ kàn níbí ni ohun tí kò ní ìyókù bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n kan pín in. Òṣùwọ̀n náà lè jẹ́ ìṣẹ́jú 5, 10, 15, 30 tàbí 60. Aago 8:10 jẹ́ odidi fún òṣùwọ̀n ìṣẹ́jú 5 àti ti ìṣẹ́jú 10, ṣùgbọ́n kì í ṣe odidi fún ti ìṣẹ́jú 15. Kò sí àkókò kan tí ó jẹ́ odidi fúnra rẹ̀ láìsí òṣùwọ̀n.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, Yorùbá kì í sọ àkókò dodidi láìfi ìdí rẹ̀ hàn. Ẹni tí ó bá ní "nǹkan bí aago mẹ́jọ" ti sọ fún olùgbọ́ pé òun ti sún àkókò náà, àti pé ó lè jẹ́ síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ní "ó ti lé ní aago mẹ́jọ" ti fà á sẹ́yìn, ó sì sọ pé ìyókù wà. Ẹni tí ó bá ní "ó ń lọ sí aago mẹ́jọ" ti tì í síwájú, olùgbọ́ sì mọ̀ pé aago mẹ́jọ kò tí ì lù. Ẹni tí kò bá sọ ohunkóhun dodidi ni yóò ní "aago mẹ́jọ gẹ́lẹ́". Ọ̀nà mẹ́rin nìyí, wọn kò sì jọ ara wọn. Àwọn kan máa ń fi "nǹkan bí" yìí ṣe ẹ̀rí pé Yorùbá kò ka àkókò sí. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni ó fi hàn, nítorí pé ẹni tí kò ka àkókò sí kò ní ìdí láti kìlọ̀ fún ẹlòmíràn pé iye tí òun sọ kò péye.

Bí ó bá jẹ́ iye pàtó ni wọ́n fẹ́ sọ, "kọjá" àti "ku" ni èdè ń lò: aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Wákàtí tí ó wà nítòsí ni ọ̀rọ̀ náà dìrọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ìyókù nù. Ó kà á síta. Ní ìdajì wákàtí, "aago méje ààbọ̀", wákàtí tí ó kọjá ni èdè ṣì dì mú. Èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀ níbí: àwọn ará Jámánì a máa pe àkókò kan náà ní ìdajì mẹ́jọ.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni bí ètò òǹkà ṣe yanjú ọ̀rọ̀ agbedeméjì. Láti orí mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, ẹ̀wá ni òǹkà ń fi kún. Bí ó bá ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún ni ó ń yọ kúrò lára rẹ̀: márùn-ún dín ní ogún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà ní àárín gbùngbùn ẹ̀wá àti ogún, kò súnmọ́ ọ̀kan ju èkejì lọ, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ ogún ni òǹkà gbé e lọ. Bákan náà ni márùn-úndínlọ́gbọ̀n àti márùn-úndínlógójì. Bí ó ṣe rí láàárín ẹ̀wá-ẹ̀wá ni ó rí láàárín ogún-ogún: àádọ́ta wà láàárín ogójì àti ọgọ́ta, ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta ni orúkọ rẹ̀, àádọ́rin àti àádọ́rùn-ún tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, tí ó wà láàárín irínwó àti ẹgbẹ̀ta, ọgọ́rùn-ún dín ní ẹgbẹ̀ta ni. Àwọn nọ́ńbà tí ó ní orúkọ tiwọn, bí ọgbọ̀n àti ọ̀ọ́dúnrún, yọ ara wọn kúrò nínú ètò yìí, ṣùgbọ́n níbi tí ètò náà bá ti ṣiṣẹ́, agbedeméjì ń lọ síwájú ni. Àríyànjiyàn tí àwọn òǹkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà ń bá ara wọn ṣe lórí ibi tí agbedeméjì yẹ kí ó lọ, òǹkà Yorùbá ti mú ẹ̀gbẹ́ kan nínú rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òǹkà kò sọ ohunkóhun nù: "márùn-ún dín" ṣì wà nínú orúkọ náà.

Bí àkójọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Iṣẹ́ kìn-ín-ní tí ìlànà kọ̀ọ̀kan ń ṣe ni láti yí aago padà sí iye ìṣẹ́jú tí ó ti kọjá láti ọ̀gànjọ́ òru. Aago 7:52 òwúrọ̀ jẹ́ 7 lọ́nà 60, tí í ṣe 420, pẹ̀lú 52. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 472. Bí òṣùwọ̀n bá jẹ́ ìṣẹ́jú 15, wọn yóò fi 15 pín 472, yóò jẹ́ 31, yóò sì ṣẹ́ku 7. Ìyókù 7 yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Ìlànà tí ń fà sẹ́yìn yóò jù ú nù, yóò sì dá 465 padà, èyí tí í ṣe aago 7:45. Ìlànà tí ń tì síwájú yóò fi 8 kún un kí ó lè di 480, aago mẹ́jọ gẹ́lẹ́. Ìlànà tí ń sún àkókò sí ìtòsí yóò fi 7 wé ìdajì òṣùwọ̀n, tí í ṣe 7½. Nígbà tí 7 kò tó o, 7:45 ni yóò dá padà. Ní ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà, floor, ceil àti round ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn yìí.

Èyí tí ó ń jẹ́ round ni ó lè tan ènìyàn jẹ jù, nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò sọ ibi tí yóò gbà bí ìyókù bá jẹ́ ìdajì òṣùwọ̀n gẹ́lẹ́. JavaScript a máa gbé 2.5 lọ sí 3. Python, láti orí ẹ̀dà 3 rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2008, a máa gbé agbedeméjì lọ sí nọ́ńbà tí 2 lè pín láìṣẹ́kù: 2.5 yóò di 2, 3.5 yóò di 4. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe èyí dára fún àròpọ̀ nọ́ńbà púpọ̀, nítorí pé àṣìṣe tí ó gòkè àti èyí tí ó sọ̀ kalẹ̀ yóò pa ara wọn rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òṣùwọ̀n jẹ́ ìṣẹ́jú 30. Aago 7:15 jẹ́ 435. Bí 30 bá pín in, yóò jẹ́ 14.5, èyí tí Python yóò sọ di 14, tí í ṣe aago 7:00. Aago 7:45 jẹ́ 465, 15.5 ni, yóò di 16, tí í ṣe aago 8:00. Kò sí agbedeméjì kan tí yóò bọ́ sórí ààbọ̀ láéláé, nítorí pé gbogbo odidi wákàtí ni ó jẹ́ ìlọ́po méjì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìlànà tí wọ́n ṣe kí ó má baà ṣe ojúsàájú wá ń ṣe ojúsàájú fún odidi wákàtí. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ìwà òǹkà Yorùbá, 7:15 yóò lọ sí 7:30, 7:45 yóò sì lọ sí 8:00, ẹni tí ń lò ó yóò sì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Ìṣòro kejì wà lára ìṣẹ́jú-àáyá. Bí aago tí ń ka ìwọlé òṣìṣẹ́ bá kọ 7:52 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40, ìyókù rẹ̀ lẹ́yìn 7:45 jẹ́ ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40, èyí tí ó ju ìdajì òṣùwọ̀n lọ. 8:00 ni ó súnmọ́ jù. Ṣùgbọ́n bí ètò kan bá kọ́kọ́ gé ìṣẹ́jú-àáyá kúrò kí ó tó fi àkókò náà ránṣẹ́ sí àkójọ yìí, 7:52 ni yóò dé ibẹ̀, 7:45 ni yóò sì jáde. Àkókò kan náà, èsì méjì, láìsí pé ìlànà kankan ṣe àṣìṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ ọ́ dodidi, èyí àkọ́kọ́ kò sì jẹ́wọ́.

Ta ni ó ni ìyókù?

Nínú ìwé The History of the Yorubas tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ìjà kan wà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Apòmù ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ataare ni wọ́n ń tà, òkìtì òkìtì ni wọ́n sì ń tà á, igba ẹyọ ní òkìtì kan. Ẹni tí ó rà á ka tirẹ̀, ó ní kò pé, ó dín ẹyọ kan. Ẹni tí ó tà á ní ó pé. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ti ìlú sí ìlú, ó sì wà lára ohun tí ó fa ogun tí ó tú Òwu ká. Àwọn òpìtàn mọ̀ pé ohun tí ó wà nídìí ogun náà ju ataare lọ fíìfíì. Ọ̀nà òwò àti agbára lórí àwọn ìlú tí ó yí ọjà náà ká ni. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rò pé igba ó dín ọ̀kan àti igba kì í ṣe nǹkan kan náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹyọ tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un kí ó tó sanwó pé "nǹkan bí igba" ni òkìtì náà.

Ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ka àkókò rẹ̀. Ká ní òṣìṣẹ́ kan ní Apòmù wọlé ní aago 7:52 òwúrọ̀, tí ó sì jáde ní aago 4:08 ìrọ̀lẹ́. Wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 16 ni ó lò. Bí ètò agbanisíṣẹ́ bá ti ìwọlé síwájú sí 8:00, tí ó sì fa ìjáde sẹ́yìn sí 4:00, wákàtí 8 ni yóò hàn. Ìṣẹ́jú 16 ti lọ. Ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, ìṣẹ́jú 80 ni; ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 20. Bí ètò náà bá sún méjèèjì sí ìtòsí, ìwọlé yóò di 7:45, ìjáde yóò di 4:15 nítorí pé ìyókù rẹ̀ jẹ́ 8, àpapọ̀ yóò sì di wákàtí 8 àti ààbọ̀. Agbanisíṣẹ́ ni yóò san ìṣẹ́jú 14 tí ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi àkókò méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, tí ó jẹ́ pé gígùn iṣẹ́ nìkan ni wọ́n sọ dodidi, wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 15 ni yóò jáde, èyí tí ó súnmọ́ òótọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀nà mẹ́ta, owó ọ̀yà mẹ́ta. Òṣùwọ̀n kò yí padà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ó yí padà ni ibi tí wọ́n darí ìyókù sí àti ohun tí wọ́n sọ dodidi.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń fi wákàtí san owó rẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní 29 CFR 785.48 gba agbanisíṣẹ́ láyè láti sún àkókò sí ìtòsí pẹ̀lú òṣùwọ̀n ìṣẹ́jú 5, ìdá kan nínú mẹ́wàá wákàtí, tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin, bí kò bá ní yọrí sí pé òṣìṣẹ́ pàdánù owó iṣẹ́ tí ó ṣe bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Títì ìwọlé síwájú pẹ̀lú fífa ìjáde sẹ́yìn nígbà gbogbo kò lè bá irú òfin bẹ́ẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n kò sí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè mọ̀ pé wọ́n ṣe é bí àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi hàn án kò bá ní ju 8:00 àti 4:00 lọ. Aago mẹ́jọ tí ó jáde láti inú àkójọ náà kò yàtọ̀ ní ojú sí aago mẹ́jọ gẹ́lẹ́.

Ìwé àkókò ààwẹ̀

Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìkirè àti Apòmù, nínú oṣù Ràmàdáánì ìwé àkókò ìṣínu àti sààrì sì máa ń wà lára ògiri mọ́ṣáláṣí, ó sì máa ń wà nínú fóònù. Ìṣirò tí ó ń mú àkókò wọ̀nyí jáde máa ń dé ìṣẹ́jú-àáyá, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú ni wọ́n ń tẹ̀ síta. Ẹnìkan níláti sọ wọ́n dodidi.

Bí oòrùn yóò bá wọ̀ ní aago 6:52 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20, ìlànà tí ń sún àkókò sí ìtòsí yóò tẹ 6:52, ẹni tí ó bá sì ṣínu ní ìṣẹ́jú náà gẹ́lẹ́ ti jẹun nígbà tí oòrùn kò tí ì wọ̀. Títì síwájú ni ó tọ́ níbí: 6:53. Ní ti sààrì, òdìkejì ni. Bí àfẹ̀mọ́júmọ́ bá là ní aago 5:31 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40, títì síwájú tàbí sísún sí ìtòsí yóò tẹ 5:32, ẹni tí ó bá ń jẹun dé ìgbà náà ti kọjá ààlà. Fífà sẹ́yìn sí 5:31 ni kò ní pa á lára. Ojú ìwé kan ṣoṣo ń béèrè fún ìlànà méjì, ó sì jẹ́ pé ohun tí àkókò náà wà fún nìkan ni ó lè sọ èyí tí yóò jẹ́. Àkójọ tí ó ní round nìkan kò tó fún iṣẹ́ yìí.

Wọ́n sì tún máa ń fi ìwé tí wọ́n ṣe fún ìlú kan ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ìkirè wà ní ìlà-oòrùn Èkó, oòrùn sì máa ń dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣáájú. Ẹni tí ó bá mú ìwé Èkó lọ sí Ìkirè ti ní ìyókù tí ó ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ fíìfíì lọ́wọ́, kò sì sí ìlànà ìsọdodidi kankan tí yóò wò ó sàn.

Aago Nàìjíríà fúnra rẹ̀

Aago tí ó wà lára ògiri ní Ìkirè, kí kọ̀ǹpútà tó fọwọ́ kàn án rárá, àkókò tí wọ́n ti sọ dodidi ni. Ìkirè wà ní nǹkan bí 4°11′ sí ìlà-oòrùn Greenwich. Oòrùn máa ń lo ìṣẹ́jú mẹ́rin láti la ìwọ̀n kan kọjá, nítorí náà àkókò oòrùn ní Ìkirè fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 ṣáájú ti Greenwich. Aago Nàìjíríà sì fi ìṣẹ́jú 60 ṣáájú rẹ̀. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 43. Ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí, kì í bọ́ sí aago méjìlá ní Ìkirè. Ó ń sún láti nǹkan bí aago 12:27 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá dé nǹkan bí 12:57 ní oṣù kejì. Àgbàlagbà tí ó bá wo òjìji rẹ̀, tí ó sì ní aago ń parọ́, kò jìnnà sí òótọ́.

Ìtàn bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀ wà nínú àkójọ àkókò àgbáyé tí Arthur David Olson bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tí IANA sì ń bójú tó ibùgbé rẹ̀ láti ọdún 2011. Inú àkójọ yìí ni ọ̀pọ̀ jù lọ fóònù àti kọ̀ǹpútà ti ń mọ àkókò, Africa/Lagos sì ni orúkọ tí Nàìjíríà ń jẹ́ níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ rẹ̀, àkókò oòrùn Èkó fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ṣáájú Greenwich. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 1905, wọ́n gbé Èkó sórí àkókò Greenwich. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 1908, wọ́n dá a padà sórí 13:35 rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1914, ọjọ́ tí wọ́n so Àríwá àti Gúúsù pọ̀, ó di ìdajì wákàtí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, ó di odidi wákàtí kan, ibẹ̀ ni ó sì wà di òní.

Bí ènìyàn bá fi ojú ìlànà mẹ́ta òkè yẹn wò ó, ti 1905 ni sísún sí ìtòsí: 13:35 kò tó ìdajì ọgbọ̀n, kò sì tó ìdajì ọgọ́ta, òdo ni ó súnmọ́. Ti 1914 àti ti 1919 jẹ́ títì síwájú. Ìyẹn bí ó bá jẹ́ Èkó ni wọ́n ń sọ dodidi. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà tàn láti nǹkan bí 2°40′ dé 14°40′, àárín rẹ̀ sì bọ́ sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 35. Ìṣẹ́jú 35 súnmọ́ 30 bí òṣùwọ̀n bá jẹ́ ìdajì wákàtí. Bí ó bá jẹ́ odidi wákàtí, 60 ni ó súnmọ́. Ohun tí ó jẹ́ títì síwájú fún Èkó àti Ìkirè jẹ́ sísún sí ìtòsí fún orílẹ̀-èdè. Ìwọ̀-oòrùn ni ó ru ìyókù náà.

Ààlà ilẹ̀ a máa mú kí èyí hàn kedere. Kétu wà ní Benin, Atakpamé tí àwọn Ifẹ̀ tí ń sọ èdè Yorùbá ń gbé wà ní Togo. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà ni oòrùn fi ya ìlú méjèèjì. Odidi wákàtí kan ni aago fi yà wọ́n, nítorí pé Benin tì síwájú bí Nàìjíríà, Togo sì dúró sórí àkókò Greenwich.

Fún àkójọ kékeré tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó wà níbí kò ṣòro. Kì í ṣe àkókò Greenwich ni kí ó sọ dodidi kí ó tó fi ìyàtọ̀ ìlú kún un. Bí ìwé kan láti Èkó ọdún 1910 bá ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ti Greenwich rẹ̀ jẹ́ 7:46:25. Bí wọ́n bá sún ìyẹn sí ìtòsí pẹ̀lú òṣùwọ̀n ìṣẹ́jú 15, yóò di 7:45. Bí wọ́n bá sì dá a padà sí Èkó, 7:58:35 ni yóò jẹ́. Ohun tí ó ti jẹ́ odidi tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di ẹ̀ya. Irú èyí kò ní hàn sí òǹkọ̀wé ètò tí ó wà ní Ìkirè lónìí, nítorí pé ìyàtọ̀ Nàìjíríà jẹ́ odidi wákàtí, ṣùgbọ́n yóò hàn sí ẹni tí ó wà ní Íńdíà, tí ìyàtọ̀ tirẹ̀ jẹ́ wákàtí 5 àti ààbọ̀, ní ọjọ́ kìn-ín-ní tí ó bá lo òṣùwọ̀n wákàtí kan.

Ọ̀gànjọ́ òru

Ibi tí àkójọ náà ti máa ń ṣubú jù ni òpin ọjọ́. Aago 11:53 alẹ́ jẹ́ 1433. 15 wọ inú rẹ̀ ní ìgbà 95, ó sì ṣẹ́ku 8. Sísún sí ìtòsí yóò gbé e lọ sí 1440, kò sì sí ìṣẹ́jú 1440 nínú ọjọ́ kan. Bí àkójọ náà bá dá 0:00 padà láìdá ọjọ́ padà pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tí ó jáde ní òru ọjọ́ Àbámẹ́ta yóò hàn bí ẹni tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan náà, kí ó tó wọlé. Ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ mọ́ aago yóò tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà. Nínú àkójọ CLDR ti Unicode, níbi tí ètò púpọ̀ ti ń mú ọ̀rọ̀ Yorùbá fún aago, Àárọ̀ àti Ọ̀sán nìkan ni ó dúró fún apá ọjọ́ méjèèjì. Nípa bẹ́ẹ̀, aago 11:53 òru yóò hàn bí 11:53 Ọ̀sán. Bí wọ́n bá sì sọ ọ́ dodidi, yóò di 12:00 Àárọ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ní Apòmù tí yóò mọ̀ pé ìṣẹ́jú méje péré ni ó wà láàárín méjèèjì. Òwúrọ̀, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, alẹ́, òru àti àfẹ̀mọ́júmọ́ wà nínú èdè, wọn kò sì ṣòro láti fi sínú àkójọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó tilẹ̀ dára jù wọ́n lọ fún iṣẹ́ yìí. Yorùbá kì í fi òru fún ọjọ́ kan ṣoṣo: òru ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́jú ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń wí. Ọjọ́ méjèèjì wà nínú rẹ̀, ibikíbi tí wọ́n bá sì sún àkókò náà sí láàárín wọn, kò ní jáde kúrò nínú orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ àkókò ìjáde ọlọ́dẹ kan síta fún un láti yẹ̀ wò, "12:00 òru ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́jú ọjọ́ Àìkú, 11:53 ni aago kọ, òṣùwọ̀n ìṣẹ́jú 15, sí ìtòsí" kò ju ìlà kan lọ nínú ìwé, ọlọ́dẹ náà sì lè fi í ṣírò owó rẹ̀ fúnra rẹ̀.